Ìwé ìròyìn kọ́ ló gbé Lillian Harman dẹ́wọ̀n

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ bi mí bóyá ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú Lucifer, ìwé ìròyìn kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n torí ẹ̀ ti Lillian Harman àti Edwin Walker, ọkọ rẹ̀, mọ́lé. Rárá o. Ìgbéyàwó wọn ni.

Oṣù kẹsàn-án 1886 ni, ní ìlú Valley Falls ní Kansas. Inú ilé ni wọ́n ti ṣe é, kò sí ìwé àṣẹ, kò sí àlùfáà, kò sí adájọ́. Walker ṣèlérí pé ìyàwó òun ò ní fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Moses Harman, bàbá ìyàwó tó tún jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà, lóun ò ní fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, torí ọmọ ló ni ara ẹ̀. (Ẹ gbọ́ irú bàbá ìyàwó bẹ́ẹ̀ rí?) Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá dé. Ọjọ́ 75 ni wọ́n dá fún ọkọ, 45 fún ìyàwó. Wọ́n kọ̀ láti san owó ẹjọ́, ni wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀ di oṣù kẹrin 1887.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n Moses fúnra ẹ̀ lẹ ń kà nípa ẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Lẹ́tà òǹkàwé kan ló tẹ̀ jáde, nípa ọkọ tó fipá bá ìyàwó ẹ̀ lò nígbà tí ojú ọgbẹ́ obìnrin náà kò tíì jinná. Òfin Comstock ti 1873, tó de ohun tí wọ́n kà sí ìsọkúsọ nínú ìfìwéránṣẹ́, ni ìjọba àpapọ̀ fi mú un.

Nítorí náà, ẹ wo kóòtù tó dá ẹjọ́ náà, bóyá ti ìpínlẹ̀ ni tàbí ti ìjọba àpapọ̀, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.