Èjìká Tó Ń Yẹ̀ Láìjẹ́ Pé Ọmọ Ṣubú

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, kò ṣubú rí, ṣùgbọ́n bó bá ti na ọwọ́ ọ̀tún síwájú láti mú nǹkan lórí pẹpẹ, èjìká rẹ̀ a yẹ̀ sẹ́yìn, a sì dún bó bá ń padà sí àyè rẹ̀. Kì í dùn ún púpọ̀. Ó tilẹ̀ ń fi í dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara wò ó, wọ́n ní kò sí ohun tó já. Àwọn aládùúgbò ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ madori, ìyẹn àwọn tó ń to eegun nílé, àbúrò ọkọ mi ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Èwo ni ká ṣe? *Ìyá Ọmọ, Kubwa, Abuja.*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú nìkan ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé àwọn iṣan tó di èjìká mú ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kì í ṣe eegun.

Orí eegun apá tóbi, ibi tó jókòó sí kò sì jìn, bí igbá tí wọ́n gbé ka òṣùká tó kéré jù ú lọ. Àwọn iṣan tó yí i ká ló ń mú un dúró síbẹ̀ bí apá ti ń lọ sókè sódò. Nínú irú àìlera yìí, iṣan ńlá igbá àyà àti èyí tó gbòòrò ní ẹ̀yìn a máa fà jù, nígbà tí àwọn ti ẹ̀yìn èjìká, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yí apá síta, a dákẹ́ ní àsìkò tí a nílò wọn gan-an, orí eegun a sì yẹ̀ sẹ́yìn. Àṣẹ tí ọpọlọ ń fún iṣan ló wọ́, ìyẹn ni fọ́tò kò fi rí i. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Stanmore, ní London, fi í sí ìsọ̀rí kẹta nínú ìpín tí wọ́n ṣe fún èjìká tó ń yẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti ìfarapa.

Ẹ má kánjú sí iṣẹ́ abẹ. Rírán awọ oríkèé pọ̀ kò tún àṣẹ ọpọlọ ṣe, èjìká náà sì sábà máa ń padà yẹ̀. Nínú ìwádìí tí àwọn dókítà eegun méjì, Burkhead àti Rockwood, tẹ̀ jáde ní 1992, ìdárayá nìkan mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èjìká tó yẹ̀ láìsí ìfarapa dára, ṣùgbọ́n ìdá 16 péré ni nínú àwọn tó fara pa. Ní ti madori, mi ò bú wọn, àmọ́ kò sí eegun tí wọn yóò tò níbí, fífà apá tipátipá sì lè dá kún un.

Ẹ̀ka fisiọ́tẹ́rápì, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ni kí ẹ gbé e lọ, yálà ní National Hospital tàbí ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada, kí ẹ sì béèrè ẹni tó mọ èjìká dáadáa. Wọn yóò kọ́kọ́ tún ìdúró rẹ̀ àti eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká ṣe, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa jẹ́ kó fa rọ́bà síta níwájú dígí. Ní Jámánì, wọ́n tún ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta iṣan ẹ̀yìn èjìká jí bí apá ti ń gbéra. Ọ̀rọ̀ oṣù ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó jáwọ́ nínú fífi í ṣeré, nítorí iṣan tètè ń mọ àṣà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọmọ tó ń díbọ́n, torí ó lè má mọ̀ọ́mọ̀. Bí èjìká bá kọ̀ tí kò padà, tàbí tí ìka rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ bá sì lè tẹ̀ kan apá, tàbí tí oríkèé rẹ̀ mìíràn dẹ̀ jù, ẹ sọ fún dókítà.