Àwọ̀ Kọ́ Ni A Fi Ń Dá Pákó Tííkì Mọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra pákó tííkì ní ilé ìlagi kan nílùú Abẹ́òkúta níbí, mo fẹ́ fi kan ilẹ̀kùn àti ibùsùn. Nígbà tí káfíńtà fá a, àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba: ibì kan dà bí ewé tí ó ń rọ, ibì kan pọ́n, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì funfun. Káfíńtà ní ayédèrú ni, pé ojúlówó tííkì máa ń pọ́n dọ́gba ni, ó sì ti fi òmíràn tí ó ń dán hàn mí lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó mọ̀. Ṣé kí n dá tèmi padà? Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. (Ìyá kan láti Àṣerò)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì dá pákó kankan padà, ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀ lórí èyí tí ó ń dán yẹn. N kò lè tìtorí àwòrán nìkan sọ fún yín pé tííkì ni tàbí pé kì í ṣe tííkì, nítorí kámẹ́rà fóònù a máa yí àwọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ya orí pákó níbi tí wọ́n ti gé e, ibẹ̀ gan-an sì ni mo nílò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí káfíńtà yín gùn lé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ohun tí ó ń pè ní àléébù ni a máa ń rí lára tííkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́, n kò sì ní fi bò pé ó ti ń bí mi nínú, nítorí àwọn tí ń fi àwọ̀ tan àwọn oníbàárà jẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú tííkì tí irin ìfági ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó lè ní àbààwọ́n tí ó jọ àwọ̀ ewé, kí ó ní ibi tí ó jọ oyin, kí ó sì tún ní ibi tí ó dúdú díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn àbààwọ́n náà yóò máa wọnú ara wọn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó ní ìtànṣán bíi ti wúrà. Bí ẹ bá sì fi pákó kan náà sílẹ̀ níta lójú oòrùn àti òjò fún ìgbà pípẹ́ láìfi ohunkóhun kùn ún, yóò di aláwọ̀ eérú. Igi kan ṣoṣo ni ó ń gbé gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí wọ̀. Èwo nínú wọn wá ni káfíńtà yín fẹ́ pè ní ojúlówó?

Mo fura pé ara ewé ni àṣìṣe yìí ti wá. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ra ewé tííkì tútù mọ̀ pé oje rẹ̀ a máa kun àtẹ́lẹwọ́ ní pupa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé bí ewé ṣe rí ni pákó gbọ́dọ̀ rí. Ewé lè jẹ́ kí a dá igi tí ó wà lóòró mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa pákó.

Ẹ tún rò ó báyìí: pákó tí ó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì ti fi fáníìṣì bò, kí ni ó kù tí ẹ lè fi ojú rí lára rẹ̀? Pákó igi mẹ̀línà, tí ó funfun, ni wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ kùn tí yóò fi dà bíi tííkì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà àdìrẹ Ìtòkú kì í fi bí aró ṣe dúdú tó nìkan ra àdìrẹ. Ẹ máa ń yí aṣọ náà padà, ẹ ó sì fọwọ́ kan òwú rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí pákó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ bá parí sí ojú òkè, tí abẹ́ rẹ̀ sì funfun, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ibi tí ẹ̀rí wà ni orí pákó, ìyẹn ibi tí ayùn gbà gé igi ní ìbú. Ẹ ní kí káfíńtà fi abẹ tuntun tàbí irin ìgbẹ́gi mímú gé e kí ó jọ̀lọ̀, ẹ fi omi díẹ̀ pa á, kí ẹ sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Awò tí ń mú nǹkan tóbi yóò túbọ̀ ràn yín lọ́wọ́. Nítorí pé tííkì a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lákọ̀tun nígbà tí òjò bá dé, òrùka ọdọọdún máa ń hàn lára rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àwọn ihò tí omi ń gbà gòkè tí wọ́n tò lọ bí ìlà, tí wọ́n tóbi tó èyí tí ojú lásán lè rí. Bí òrùka náà ti ń lọ, àwọn ihò ń kéré sí i. Ti ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀: ihò tirẹ̀ fọ́n káàkiri láìní ìlà, ìlà ara rẹ̀ sì sábà máa ń lọ́ mọ́ra wọn, nígbà tí ti tííkì sábà máa ń lọ tààrà. Mo ń mẹ́nu ba ìrókò nítorí pé àwọn oníṣòwò òkè òkun ń pè é ní tííkì ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn kan sì ń fi orúkọ yẹn tà á níhìn-ín. Igi àtàtà ni ìrókò, ṣùgbọ́n tííkì kọ́. Igi ìdígbó ni ó le jù láti yà sọ́tọ̀ sí tííkì, nítorí òrùka tirẹ̀ náà a máa hàn. Bí omi bá kàn án, àwọ̀ ìyeyè a máa ti ara rẹ̀ jáde, kò sì ní ọ̀rá tí ọwọ́ máa ń mọ̀ lára tííkì.

Àwọn òrùka wọ̀nyí náà ni wọ́n ń di ọnà tí ẹ ń rí lójú pákó. Bí ayùn ṣe gbà á ni ọnà náà ṣe ń rí, ó lè dà bí orí òkè tí ó lé ara wọn, ó sì lè jẹ́ ìlà gbọọrọ, kódà nínú igi kan náà. Ìlà dúdú wà lára tííkì kan, kò sí lára òmíràn. Òórùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a jọ ti awọ, èyí sì wúlò díẹ̀. Ní ti àwọn tí ń ju pákó sómi, tí wọ́n ní ojúlówó tííkì gbọ́dọ̀ rì, ẹ má dá wọn lóhùn: tííkì gbígbẹ wúwo tó nǹkan bíi 650 kìlógíráàmù ní mítà kúbíkì kan, omi sì jẹ́ 1,000, nítorí náà yóò léfòó. Èyí tí ó tútù ni ó ń rì, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Bọ́mà (tí à ń pè ní Myanmar báyìí) fi máa ń bó èèpo ìdí igi yíká láyé àtijọ́ kí ó gbẹ lórí ìdúró kí wọ́n tó gé e, kí odò lè gbé e lọ.

Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ funfun tí ẹ rí kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó yẹ kí ó kọ yín lóminú. Abẹ́ èèpo ni ó wà, a sì máa yàtọ̀ gedegbe sí inú igi. Inú tííkì tí ó gbó ni ikán kì í fẹ́ràn. Ẹ̀gbẹ́ funfun kò ní agbára yẹn. Tííkì tí à ń là ní àgbègbè wa wá láti inú oko igi, irú èyí tí wọ́n gbìn sí igbó ọba Olókemejì, èyí tí wọ́n bá sì gé ní kékeré máa ń ní ẹ̀gbẹ́ funfun púpọ̀. Pákó lè jẹ́ tííkì pọ́ńbélé kí ikán ṣì jẹ ìdajì rẹ̀.

Bí owó tí ẹ ná bá pọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ẹjọ́ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ó tà á, ohun tí mo kọ yìí kò tó gbé lọ síwájú adájọ́. Ẹ gé orí pákó díẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa igbó ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nílùú wa níbí, tàbí sí ilé ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ tííkì, ẹ dúró ti káfíńtà kí ó gé gbogbo ẹ̀gbẹ́ funfun kúrò lára èyí tí yóò di ilẹ̀kùn ìta, kí ẹ sì fi ìyókù ṣe pátákó abẹ́ ibùsùn nínú ilé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi oògùn ikán pa á.