Èsì: Ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín àti ojú ọ̀run

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè bóyá ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín lè mú ọmọ ọdún 4 mọ ojú ọ̀run. Ó lè ṣe é dáadáa! Nílé wa ní Ẹ̀pẹ́, àwa fúnra wa la ya tiwa: òṣùpá ń fi okùn fa Àgùàlà (pílánẹ́ẹ̀tì Venus, tó ń tàn bí ìràwọ̀ ńlá), nítorí àwọn àgbà máa ń pè é ní ajá òṣù. Nígbà tó yá, ajá tóbi ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, okùn já, òṣùpá bá já sínú ọ̀sà, gbàmù! Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni pé ajá náà tóbi ju ọ̀gá rẹ̀ lọ: ìbú òṣùpá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3,474, ti Àgùàlà sì tó 12,104, jíjìn rẹ̀ ló jẹ́ kó kéré lójú wa. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n wá ajá náà níhà ìwọ̀-oòrùn. Láwọn oṣù mìíràn, ìdájí ló máa ń yọ. Tèmi máa ń súfèé pè é.