Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Sítáǹpù Kúrò Lára Àwọn Àpòòwé Yẹn

Àbúrò mi ní Ọ̀yọ́, kú ará fẹ́ra kù bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á sì dá ẹ̀yin ọmọ sí. Mo rí ìbéèrè rẹ. O ní bàbá fi álíbọ́ọ̀mù kan àti páálí bàtà kan tó kún fún àpòòwé sílẹ̀, pé bàálù ogun ló pọ̀ jù lára àwọn sítáǹpù inú wọn. O ní oníbàárà kan ti wá láti Ìbàdàn, pé òun máa sanwó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kí o gé àwọn tó wà lára àpòòwé kúrò, kí o sì da àwọn àpòòwé tí kò ní sítáǹpù nù. O fẹ́ mọ̀ bóyá owó tó dá lé e tó.

Fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ ná. Ohun tí ọkùnrin yẹn ní kí o dà nù gan-an ló ṣeé ṣe kó níye lórí jù nínú ẹrù yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó sítáǹpù bàálù jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí lẹ́tà àwọn ará ilé wa tó ń ṣòwò ní Jos àti ní Gáná ṣì ń wọlé. Owó mi ti wọ̀ ọ́, ojú mi sì ti rí nǹkan níbẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti álíbọ́ọ̀mù, torí òun ló rọrùn. Àwọn mẹ́fà tó so kọ́ra, tí orí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, pẹ́nsì mẹ́rin mẹ́rin, ti September 13, 1965 nìyẹn. Wọ́n fi ṣe ìrántí ọdún 25 tí àwọn bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti Jámánì wọ̀yá ìjà lójú ọ̀run ní 1940. Mẹ́jọ ni gbogbo wọn: mẹ́fà yẹn, ti pẹ́nsì mẹ́sàn-án kan, àti ti ṣílè kan àti tọ́rọ́. Wo èyí tí bàálù Hurricane ń fò kọjá lókè ìrù bàálù Jámánì tó ti já lulẹ̀. Àmì Hitler wà lára ìrù yẹn. Inú bí àwọn èèyàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà pé irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lórí sítáǹpù kan náà pẹ̀lú orí ọbabìnrin wọn. Lójú tèmi, wọn kò tíì yà èyí tó dára tó o lórí ọ̀rọ̀ bàálù ogun títí di òní. Dúdú àti àwọ̀ ewé tó ń gbẹ lásán ni wọ́n lò jù, síbẹ̀ o máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì.

Èyí tó ní Sopwith Camel, bàálù tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè tó tún wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn Lightning, ṣílè kan, ti 1968 ni. Wọ́n fi ṣe ọdún 50 ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, RAF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní April 1, 1918. Àwọn márùn-ún tí ojú ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, Dowding pẹ̀lú Hurricane, Harris pẹ̀lú Lancaster, Trenchard pẹ̀lú DH9A, títí dé orí Tedder àti Portal, ti 1986 ni. Ti 2018, nígbà tí RAF pé ọgọ́rùn-ún ọdún, mẹ́fà ni, láti orí Camel dé orí Typhoon.

Wọ́n rẹwà, wọn kò sì wọ́n. Ọ̀kẹ́ àìmọye ni wọ́n tẹ̀ jáde, àwọn èèyàn sì rà wọ́n pa mọ́ tónítóní láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n ṣì kún ìta. Owó odindi ti 1965 lè má ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ. Tí ẹni náà bá fẹ́ ra èyí tí bàbá ní méjì méjì, tà á fún un. Ṣùgbọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé.

O tún mẹ́nu ba ọ̀kan tí bàálù rẹ̀ dojú dé. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú ọkàn fò sókè. Ní 1918 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi bàálù gbé lẹ́tà déédéé, àwọn awabàálù ológun ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́jà ní fífò, Curtiss Jenny, ni wọ́n yà sára sítáǹpù sẹ́ǹtì 24. Ìwé kan péré, tó ní ẹyọ 100, ló bọ́ sọ́wọ́ aráàlú pẹ̀lú bàálù tó dojú dé. William Robey ló rà á ní dọ́là 24, ní May 14, 1918. Ní 2023, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lọ fún iye tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ṣùgbọ́n ní 2013, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tún àwòrán náà tẹ̀, bàálù dojú dé bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n sì kọ $2 sí i. Nọ́ńbà ni kí o wò. Mo ti jókòó pẹ̀lú ìdílé kan lágbègbè Tákié rí, tí wọ́n ti ń jíròrò ilé tí wọ́n máa kọ́. Ó dùn mí púpọ̀ láti fi $2 yẹn hàn wọ́n.

Àwọn ńlá ńlá aláwọ̀ mèremère tí wọ́n kọ Ajman, Sharjah àti Umm al-Qiwain sí ńkọ́? Àwọn ìlú ọba kéékèèké ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n, kí wọ́n tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní 1971. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n gbé iṣẹ́ sítáǹpù fún àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè, àwọn yẹn sì ń tẹ̀ ẹ́ fún àwa olùkójọ, kì í ṣe fún lẹ́tà. Dá ọ̀kan dojú bolẹ̀. Tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ bá wà lójú rẹ̀, tí gọ́ọ̀mù sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, lẹ́tà kankan kò gbé e rí. Tún kó mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ, kí o wo òǹtẹ̀ náà: igun kan náà ló máa bọ́ sí lára gbogbo wọn, roboto kan tí wọ́n gé sí mẹ́rin. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwòrán. Mo ní wọn, mo sì ń fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní orúkọ bàálù. Ibi tí wọ́n wúlò dé nìyẹn.

Èyí tó burú jù wọ́n lọ ni àwọn tó jẹ́ ayédèrú pátápátá: ìwé tó kún fún bàálù ogun bíi Spitfire ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Messerschmitt ti Jámánì, tí wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan sí, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ta irú rẹ̀ fún mi rí, ó fi ìwé ẹ̀rí tì í, owó mi sì wọgbó. Láti 2002 ni àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, UPU, ti ń fún sítáǹpù tuntun àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wọlé sí ètò náà ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní WNS. Tí ohun tí wọ́n ń tà fún ọ bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ọdún yẹn, wá a níbẹ̀ kí o tó sanwó.

Wàyí o, páálí bàtà.

O sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kọjá pé bàbá bàbá rẹ lọ sógun Bọ́má nígbà ogun Hitler. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó láti Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, ló wà nínú ìpín ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́má, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ìpín 81. Láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń jẹun: bàálù Dakota ló ń ju oúnjẹ, ọta ìbọn àti oògùn sílẹ̀ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń la pápá sínú igbó kí bàálù lè balẹ̀ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ta ló tún fẹ́ sọ fún mi pé ìtàn bàálù ogun kì í ṣe tiwa?

Lẹ́tà ṣọ́jà láti ojú ogun, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ní sítáǹpù rárá. Wọ́n á kọ “On Active Service” sókè rẹ̀, ó parí. Òǹtẹ̀ rẹ̀ kì í dárúkọ ìlú. Nọ́ńbà ni ó máa ń ní, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀gá kan á ti ka lẹ́tà náà, á sì lu òǹtẹ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní ọ̀kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó bébà àtijọ́ tà fún àwọn ìyá tó ń fi wé ẹ̀pà. Àpòòwé ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Etí rẹ̀ kan ti la, wọ́n sì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òǹtẹ̀ àyẹ̀wò náà jẹ́ àwọ̀ àlùkò tó ti ràn díẹ̀, bóyá òjò ló pa á. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ àdírẹ́sì, “Ogbomosho” àtijọ́ tó ní “sh” nínú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gẹdẹgbẹ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Kò sí sítáǹpù kankan lójú rẹ̀. Owó tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fi lọ̀ mí lórí òun nìkan ju ti gbogbo RAF tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù mi lọ. N kò tà á.

Èyí tó bá sì ní sítáǹpù, òǹtẹ̀ tó dì mọ́ sítáǹpù àti àpòòwé papọ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Òun ló ń sọ ọjọ́ tí lẹ́tà kúrò, ibi tó ti kúrò, nígbà mìíràn ibi tó gbà kọjá, tí wọ́n á lù sẹ́yìn. Bí o bá gé e, ìdajì òǹtẹ̀ á bá sítáǹpù lọ, ìdajì á wà lára bébà tí o jù sílẹ̀, ẹ̀rí á sì bá a lọ. Ẹni tó ní kí o gé e, bóyá kò mọ̀, bóyá ó mọ̀. N kò mọ inú rẹ̀. Tún ṣọ́ra fún fọ́tò kékeré kan tó dà bí lẹ́tà tí wọ́n sún kì. Airgraph ni wọ́n ń pè é, láti 1941 sókè: wọ́n á ya fọ́tò lẹ́tà sínú fíìmù kékeré kí ẹrù bàálù lè fúyẹ́, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tó ń lọ. Àwọn èèyàn ń jù ú nù torí kò jọ lẹ́tà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn tó ń ya sítáǹpù kì í rí wa. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di awabàálù àti ọ̀gá nínú RAF nígbà ogun Hitler, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 1945. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà bákan náà, fò nínú Halifax, bàálù ajubọ́ǹbù, pẹ̀lú ẹgbẹ́ awabàálù RAF tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 76, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ “Achtung! The Black Prince” sí imú bàálù náà nítorí rẹ̀. Wá Halifax nínú ti 1986, wá a nínú ti 2018: kò sí níbẹ̀. Àpòòwé inú páálí bí irú ti bàbá rẹ ló kù tí a fi lè tọ́ka sí i pé àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀.

Nípa ìtọ́jú. Má kó wọn sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe álíbọ́ọ̀mù fọ́tò olówó pọ́ọ́kú. Epo inú rẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀ sítáǹpù. Àpòòwé funfun lásán dára jù ú lọ. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù, nítorí náà kó wọn sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ le, kúrò nílẹ̀, kúrò lára ògiri tí òjò ń rìn. Sẹ́lótéèpù kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Tí ọyẹ́ bá mú kí wọ́n ká, fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á tẹ́ padà fúnra wọn. Àwọn tó ti lẹ̀ mọ́ra nínú álíbọ́ọ̀mù, má fà wọ́n ya. Fi aṣọ tútù sí ìsàlẹ̀ ike, gbé nǹkan lé e kí omi má kàn wọ́n, kó wọn sórí rẹ̀, dé e mọ́jú. Wọ́n á tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mú kékeré ni kí o fi gbé wọn, torí òógùn ọwọ́ máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Nípa owó, iye tó wà nínú kátálọ́ọ̀gù Stanley Gibbons, ìwé tí wọ́n ń kọ iye owó sítáǹpù sí, kì í ṣe iye tí oníṣòwò máa san fún ọ; ó máa ń kéré sí i gan-an. Lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí nǹkan ti tà ni kí o wò, má wo iye tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń béèrè.

Ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn àpòòwé kọ̀ọ̀kan, kí iná máa ti ẹ̀gbẹ́ wá kí òǹtẹ̀ lè hàn, kí o sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tí kò ní sítáǹpù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Tí ẹnì kan nínú àwọn àgbà ilé yín bá ṣì wà láàyè tó mọ ìgbà ogun yẹn, jókòó tì í kí o ka orúkọ tó wà lára wọn sí i létí: ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, ta ló bá wọn kà á nígbà tó dé. Bébà mìíràn ni kí o kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí, má kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé.