Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí ló wà nínú 720,720?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí ọmọ mi wá iye nọ́ńbà tó lè pín 720,720 láìṣẹ́kù. A kọ ọ́ sí 2×2×2×2×3×3×5×1,001, ìdáhùn wa jẹ́ 60. Olùkọ́ fa igi lé e. Kí la ṣì ṣe?
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Kábbà

Ìdáhùn: Ìyá wa, 1,001 ló tàn yín. Kì í ṣe nọ́ńbà méjì-méjì, 3 kò pín in, kò parí sí 0 tàbí 5, ẹ wá rò pé ó ti tán síbẹ̀. Kò tíì tán: 7×11×13 ni.

Ẹ wá ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n fara hàn, kí ẹ sì fi 1 kún un. 2 wà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di 5. 3 wà lẹ́ẹ̀mejì, ó di 3. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni 5, 7, 11 àti 13, wọ́n di 2 níkọ̀ọ̀kan. 5×3×2×2×2×2 jẹ́ 240. Ìdí tí a fi ń fi 1 kún un ni pé èèyàn lè má mú 2 kankan rárá, ó sì lè mú ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. Ẹni tó bá gbàgbé á rí 8, bẹ́ẹ̀ láti 1 dé 16 gbogbo wọn ló pín 720,720. Kò sí nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orí 17 ló ti kọsẹ̀: 5 á ṣẹ́ kù.

Ìbéèrè: Àwa 13 la jọ ta kajú, ₦481,624 la pa. Ṣé ó ṣeé pín dọ́gba láìlo ẹ̀rọ ìṣírò?
Oníṣòwò, Mọ̀pà

Ìdáhùn: Ó ṣeé pín. Ẹ gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ yọ apá kan kúrò nínú èkejì: 624 − 481 = 143. 13 pín 143, torí náà ó pín gbogbo owó náà: ₦37,048 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ẹ lè lò fún 7 àti 11. Ká ní ẹ̀yin 7 ni, kò ní dọ́gba.

Ẹni tó ń fi Yorùbá ka nǹkan ti mọ ìdí rẹ̀. Bí 19 ṣe jẹ́ ọ̀kàndínlógún, bẹ́ẹ̀ ni 1,000 ṣe jẹ́ 1,001 tó dín ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan jẹ gbèsè ẹyọ kan, 481 lápapọ̀. Inú 624 la ti san án.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a gé e láti òsì. 25,025 kì í ṣe 250 àti 25. 25 àti 025 ni. Wọ́n pa ara wọn rẹ́, 7, 11 àti 13 sì pín in.

Ìbéèrè: Báwo ni àwọn àgbà ṣe ń pe 720,720?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsánlú

Ìdáhùn: Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì ó lé ọ̀rìndínlẹ́gbẹ̀rin ni.