Ajá wa kú, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́: ṣé ajá ló kó o ràn án?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ajá wa, ọmọ oṣù mẹ́ta, ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn gan-an, ọjọ́ kẹta ló kú. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ní parvo ni, àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà tó máa ń pa ọmọ ajá. Ọjọ́ kejì tí a sin ín ni ọmọ mi ọlọ́dún méjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ méjì ti ṣe irú rẹ̀ ní krẹ́ẹ̀ṣì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá ọkọ mi ní ajá ló kó o ràn án, pé kí á tètè lé ẹlẹ́dẹ̀ tí àbúrò ọkọ mi ń sìn lẹ́yìnkùlé náà lọ, torí oyún oṣù méje wà nínú mi. Omi kànga là ń mu. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọlọ́mọ kan, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí omi tó ń jáde lára ọmọ yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ dá padà. Ẹ ra ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, ní kẹ́míìsì. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn wà fún lítà omi kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl. Ẹ máa fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní síǹkì, 20mg lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ má fi oúnjẹ dù ú. Flagyl tí gbogbo wa máa ń sáré rà kì í pa fáírọ́ọ̀sì, fáírọ́ọ̀sì sì ni mo fura sí níhìn-ín. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tó ń sunkún tí omijé ò jáde, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ òru.

Ní ti ajá, òun kọ́ ló kó o ràn án. Parvo ajá kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi ọwọ́ ara mi nu ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn kúrò lára ọmọ ajá, mo sì máa ń bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ mi, nítorí ajá tèmi tó wà nílé ni.

Ìdí rèé. Fáírọ́ọ̀sì kò lè pọ̀ sí i àfi tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara, sẹ́ẹ̀lì sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ rántí àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá títì. Bí wọ́n bá fi fáìlì ha eyín kan péré lára kọ́kọ́rọ́ yín, ó lè má ṣí yàrá yín mọ́, kó wá máa ṣí ti aládùúgbò. Bí parvo ṣe dé ara ajá gan-an nìyẹn. Ṣáájú 1978, kò sí dókítà ẹranko tó mọ̀ ọ́n. Fáírọ́ọ̀sì tó ń pa ológbò ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ìyípadà díẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀, tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ló jẹ́ kó rí ilẹ̀kùn ajá ṣí, láàárín ọdún méjì ó ti yí ayé ká. Ilẹ̀kùn tiwa kò ṣí fún un títí dòní. Parvo ti ènìyàn wà lóòótọ́, B19 ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ pọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń kó o ran ènìyàn. Dìgbòlugi ni kí ẹ máa bẹ̀rù lára ajá, àti aràn inú ìgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ krẹ́ẹ̀ṣì méjì yẹn ni mo fura sí. Rotavirus àti norovirus, àwọn fáírọ́ọ̀sì tó máa ń mú ọmọdé bì kó sì yàgbẹ́, kì í sábà ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ kó tó fara hàn, láti ọwọ́ ọmọ kan ló sì ń gbà dé ẹnu èkejì. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Sanitáísà kò fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus. Láti 2022 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rotavirus ti wà lára èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ (a ń pè é ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n ń kán an sí). Èyí tó wà nínú yín, ẹ gbé e lọ gbà á tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

N kò ní purọ́ fún yín pé ti ẹranko kì í kọjá sára ènìyàn rárá. Ègé mọ́kànlá ni àbùdá rotavirus pín sí, bí ti màlúù àti ti ènìyàn bá pàdé nínú ìfun kan, wọ́n lè pààrọ̀ ègé. Ìkókó kan ní ilé ìwòsàn kan ní Delhi, ní Íńdíà, ni wọ́n ti rí irú àdàlù bẹ́ẹ̀ tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Òun ni wọ́n fi ṣe àjẹsára Rotavac.

Ẹlẹ́dẹ̀ wá ńkọ́? Níbí ni ìyá ọkọ yín ti ní ìdí láti bẹ̀rù. Hepatitis E, àìsàn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ń ti inú ìgbẹ́ dé ẹnu, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà, òun sì wà lára ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Irú kan rẹ̀ wà lára ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ti rí i lára ẹlẹ́dẹ̀ Nàìjíríà náà. Ní Japan, ní 2003, àwọn kan jẹ ẹran àgbọ̀nrín tútù, àìsàn yìí mú wọn. Èyí tó kù nínú fírísà ni wọ́n yẹ̀ wò, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ àti ti ara àwọn aláìsàn jẹ́ ọ̀kan náà. Torí náà, ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná dénú. Kí ẹ̀yin má fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ títí ẹ ó fi bímọ, kí àbúrò ọkọ yín sì máa fọ ọwọ́ kó tó wọ ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa aboyún jù, àgàgà láti oṣù keje lọ, kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀. Irú tó jẹ́ ti ènìyàn nìkan ni, ìgbẹ́ ènìyàn tó wọnú omi mímu ló ń gbé e kiri. Hepatitis E bẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Borno ní 2017, láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Bí ẹ bá lé ẹlẹ́dẹ̀ lọ tí ṣáláńgá sì wà nítòsí kànga, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ní kí ọkọ yín wọn àyè tó wà láàárín wọn lónìí. Bí kò bá tó 30 mítà, tàbí tí ilẹ̀ bá dà láti ṣáláńgá tàbí ilé ẹlẹ́dẹ̀ wá sọ́dọ̀ kànga, ẹ má mu omi náà láìsè é, kó hó dáadáa, títí ẹ ó fi rí omi mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ ajá mìíràn, ẹ fi Jik tí ẹ fi omi là fọ ibi tí èyí tó kú sùn, torí parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé ni kí ẹ mú wálé.