Eruku ara tẹlisíkóòpù rẹ lo rí yẹn

Àbúrò, o ní o gbé tẹlisíkóòpù jáde ní Ọ̀bà-Ilé, o ya fọ́tò ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Beta Pictoris, o rí kurukuru funfun tó yí i ká, o wá ń béèrè bóyá àwo eruku rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn eruku tó tẹ́ pẹrẹsẹ yí ìràwọ̀ náà ká bí àwo. Rárá o. Odidi ọyẹ́ méjì ni mo fi ṣe àṣìṣe yẹn.

Ìràwọ̀ náà kì í ga lọ́dọ̀ wa. Tá a bá pín ọ̀nà láti etí ọ̀run dé àtàrí sí mẹ́ta, bí ìdá kan péré ló ń gùn, ní apá gúúsù lẹ́bàá Canopus, ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an. Oṣù kìíní sí ìkejì ló dáa jù láti wò ó lálẹ́, ìgbà tí ọyẹ́ ń bo Àkúrẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn náà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdànrè, mo gbé ẹ̀rọ sórí àpáta, mo ya fọ́tò, mo ti ń pariwo fáwọn ọ̀rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo kọjú ẹ̀rọ sí Canopus: òun náà ní àwo! Mo yí i sí òmíràn, àwo. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀rọ, eruku ti lẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀ bí èlùbọ́.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ń ṣe irú àyẹ̀wò yẹn: wọ́n á wo ìràwọ̀ tí kò ní àwo, wọ́n á yọ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kúrò nínú fọ́tò èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní 1983, sátẹ́láìtì IRAS ti rí i pé ooru Beta Pictoris pọ̀ ju ti ìràwọ̀ lásán lọ. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Smith àti Terrile, dí ojú ìràwọ̀ náà ní Chile kí wọ́n tó rí eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yà.

Eruku ọ̀hún kì í pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń gbá a dànù, àwọn òkúta tó ń kọlu ara wọn ló ń pèsè òmíràn. Wo ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyìíká Àkúrẹ́: tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, eruku á rọlẹ̀.

Tó o bá fẹ́ wá àwo gidi, wọ Disk Detective, ìkànnì tí NASA bẹ̀rẹ̀ ní 2014 kí ẹnikẹ́ni lè bá wọn wá irú àwo bẹ́ẹ̀. Àwòrán ooru láti sátẹ́láìtì WISE ni wàá máa yẹ̀ wò. Dátà òru ni mo fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹ́ gálásì (agbo ìràwọ̀ ńlá) tó wà lẹ́yìn, tàbí ìràwọ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra.

Má sì fi aṣọ nu dígí yẹn o. Mo fi aṣọ nu tèmi, gbogbo ojú rẹ̀ ló ti kún fún ilà.